Ojú Tí A Fi Ásíìdì Bó Nílé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe fún ẹni tó ṣì ń rò ó bóyá kí òun bó ojú òun tàbí kí òun fi í sílẹ̀. Ẹni tó ti bó o tán ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀: ẹni tó ra ásíìdì inú ìgò kékeré, tó fi òwú pa á sójú lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí awọ bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò létí imú rẹ̀ láàárọ̀ Àìkú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ́n, tó sì ń bi aládùúgbò pé kí ni kí òun fi pa á. Ìdáhùn tí mo ní fún un lè má dùn létí, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ohun rírà kankan lọ́wọ́. Bí ásíìdì náà kò bá le kọjá ààlà, ojú yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Ohun tí à ń kó lé e lórí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tẹ̀ lé e ni mo gbà pé ó máa ń sọ egbò ọjọ́ méje di àpá ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbà bẹ́ẹ̀, kí n sì dá àwọn tí kò ní gbà lóhùn, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀.

Ìpele ìpele ni awọ ara wa. Èyí tó wà lókè pátápátá, tí ọwọ́ ń kàn, ti kú. Ó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, síbẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí omi ara wa gbẹ, òun náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí wọlé. Ìsàlẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń hù, tí wọ́n ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìrìn tó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá. Glycolic acid tó wà nínú ìrèké, lactic acid inú wàrà kíkan, àti salicylic acid tí àwọn onírorẹ́ mọ̀ dáadáa, iṣẹ́ wọn ni láti tú ohun tó lẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì òkú mọ́ra, kí wọ́n lè tètè ṣí kúrò. Ti trichloroacetic acid, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní TCA, yàtọ̀: ṣe ló ń se purotéènì inú awọ, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń funfun báláú níbi tó bá ti kàn. Bí TCA bá jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, òkè awọ ló ń bó. Bó bá di 35, ó ti wọnú. Bó bá dé 50, àpá tí kò ní lọ mọ́ ló lè dá sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń yẹ ìpara wò sọ pé kí glycolic acid àti lactic acid tí ènìyàn yóò lò fúnra rẹ̀ nílé má kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí kíkan rẹ̀ má sì le ju pH 3.5 lọ. Ẹ wá wo ìgò tí wọ́n ń polówó lórí fóònù: 30 wà níbẹ̀, 50 wà níbẹ̀, 70 náà ń bẹ. Ní oṣù Keje 2024, FDA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe ra irú ásíìdì líle bẹ́ẹ̀ lò láìsí onímọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí pé ó ń jó awọ ènìyàn lójú. Tí àwọn tí òfin wọn múlẹ̀ bá ń ké báyìí, kí ni ká wá sọ nípa ìgò tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, lára, tí ẹni tó pò ó kò sì wọn ohunkóhun?

Ojú tí a ti bó dà bí ilé tí wọ́n ti ká páànù rẹ̀. Àwọn kanlékanlé wà nínú ilé, iṣẹ́ ń lọ, ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí a ta tapólì bò wọ́n kí òjò má bàa ba iṣẹ́ jẹ́. Bí bíbó náà bá jẹ́ ti òkè awọ nìkan, ọjọ́ kan sí méje ló sábà máa ń gbà kó tó dì padà. Bó bá wọnú díẹ̀, yóò gba ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá. Àwọ̀ ojú tó dọ́gba kò sí nínú ìṣirò ọjọ́ yẹn o. Ìyẹn ní tirẹ̀ ń tẹ̀lé ẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an sì ni sùúrù ti máa ń tán.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ rèé. Iye sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe mẹ́láníìnì, ohun tó ń fún awọ ní àwọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lára dúdú àti funfun; tiwa ló ń ṣiṣẹ́ jù, tí ohun tó ń ṣe sì tóbi tó tún pọ̀ sí i. Bí awọ bá fara pa, tó pọ́n, tó wú, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí a bẹ̀rẹ̀ sí í tú mẹ́láníìnì jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó bá dúró sókè awọ yóò bá awọ gòkè, yóò sì máa ṣí kúrò láàrin oṣù díẹ̀. Èyí tó bá já sí ìsàlẹ̀ lè pẹ́ níbẹ̀ ju ọdún kan lọ. Nítorí náà, kì í ṣe bí ásíìdì ṣe wọ awọ tó nìkan ló ń pinnu bí ojú yóò ṣe dúdú tó. Iye ọjọ́ tí pípọ́n àti wíwú náà fi wà níbẹ̀ ní ipa tirẹ̀. Orí kókó yìí ni gbogbo àlàyé mi dúró lé. Ohunkóhun tó bá ń ta awọ lẹ́yìn tí a bó o tán ń fa ọjọ́ pípọ́n gùn, ọjọ́ pípọ́n tó bá sì gùn, dúdú ló ń yọrí sí.

Ẹ wá fi kókó yẹn wo ohun tí a sábà máa ń ṣe. Àkọ́kọ́, a ó rí i pé awọ ń ṣí ní apá kan, kò ṣí ní apá kejì, a ó sì tún fi ásíìdì kan náà pa á lẹ́ẹ̀kejì kí ojú lè dọ́gba. Tàbí ká fi ọwọ́ ya èyí tó ń ṣí, ká fi kànrìnkàn ha á. Àwọn kan á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, láìmọ̀ pé omi ọsàn náà àti oòrùn, bí wọ́n bá pàdé lára awọ, lè jó o kí wọ́n sì fi àmì dúdú sílẹ̀, kódà lára ẹni tí kò bó ohunkóhun. Àwọn mìíràn á fi róòbù ra á, nítorí pé kò sí àìsàn tí a kì í fi róòbù ra nílẹ̀ yìí. Gbogbo ìwọ̀nyí kéré sí ìpara méjì tí mo fẹ́ dúró lé lórí.

Èkíní ni ìpara tó ní sitẹ́rọ́ìdì nínú, irú betamethasone tàbí clobetasol, tí wọ́n sábà máa ń pò mọ́ oògùn làpálàpá àti oògùn kòkòrò nínú túùbù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi pa ojú tó ń ta á yóò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn, nítorí sitẹ́rọ́ìdì máa ń pa pípọ́n àti wíwú lẹ́nu mọ́ kíákíá, ó sì ń mú kí ojú mọ́. Ìdí nìyí tó fi ṣòroó bá a jà: ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lójú, á mú awọ fẹ́lẹ́ sí i, á jẹ́ kí irorẹ́ hù, á jẹ́ kí irun hù níbi tí kò yẹ, bí kòkòrò bá sì wọ egbò náà, kò ní jẹ́ kí ẹni náà tètè mọ̀. Ọjọ́ tó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, ojú á tún pọ́n padà, nígbà mìíràn ju ti àkọ́kọ́ lọ, á sì tún sáré padà sídìí túùbù. Èkejì ni ìpara ìbóra, pàápàá èyí tó ní hydroquinone. Ojú dúdú lẹ́yìn bíbó, ẹni náà sì ní kí òun bó dúdú náà kúrò. Ní 1975, àwọn dókítà ní Gúúsù Áfíríkà kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí ìpara hydroquinone líle ti sọ ojú wọn di dúdú bí aró, tó le, tó ń ṣe gbúnugbùnu, tí kò sì gbọ́ oògùn. Ìjọba wọn wá fòfin de hydroquinone nínú ìpara ọjà ní 1990. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, NAFDAC ti fi òfin de mákúrì nínú ìpara ara, ó sì fi ààlà sí hydroquinone. Òfin wà, ọjà sì ń lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2002 láàrin òǹtajà 450 nílùú Èkó, ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lo ìpara ìbóra. Àwọn oníròyìn sábà máa ń sọ irú ìṣirò yẹn bí ẹni pé gbogbo obìnrin Nàìjíríà ni wọ́n kà, òǹtajà Èkó sì ni. Àmọ́ kódà ká gé e sí ìdajì, ó ṣì túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ásíìdì bó ojú ní túùbù ìbóra nínú àpótí rẹ̀ kó tó ra ásíìdì rárá.

Ẹni kan á ní: ṣé ká wá káwọ́ gbera ni? Ṣé a ó máa wo egbò lójú ni? Rárá o. Nǹkan wà láti ṣe, wọn ò kàn pọ̀ ni. Bí ásíìdì bá ṣì ń jó ojú lọ́wọ́, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi ṣan án fún ogún ìṣẹ́jú, láìfi ohunkóhun mìíràn sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ fi omi àti ọṣẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kò ní òórùn fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìka ọwọ́, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ omi gbẹ, kí ẹ sì fi Vaseline tínrín pa á. Ó parí. Àwọn tó gbà pé ó yẹ kí egbò gbẹ kó lè san, ẹ gbọ́ èyí: ní 1962, George Winter, onímọ̀ kan ní London, fi egbò ara ẹlẹ́dẹ̀ hàn pé èyí tí a bò tó tutù máa ń yára dì ní ìlọ́po méjì ju èyí tí a fi sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Àwọn tó sì ń wá oògùn kòkòrò fún egbò, ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn JAMA ní 1996 fi Vaseline lásán wé ìpara oògùn kòkòrò lára ènìyàn tó lé ní 900 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún. Kò sí ìyàtọ̀ gbòógì láàrin iye àwọn tó lo Vaseline tí egbò wọn kó kòkòrò àti ti àwọn yòókù, awọ ẹnìkan nínú àwọn tó lo Vaseline kò sì ta kò ó, nígbà tí oògùn kòkòrò ta àwọn kan lára. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ fi kún un jù, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi jáde lára awọ tí kò ní bíbò. Bí a bá rántí pé awọ tó ṣí yẹn ni kì í jẹ́ kí omi ara gbẹ, ó yéni ìdí tí ohun tó ń bò ó fi ń ṣe ju ohun tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà á bi mí pé ọṣẹ dúdú ńkọ́, ṣebí òun ni àwọn baba wa fi ń wẹ̀. Mo gbà. Ọṣẹ dúdú wúlò lára tó dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ṣe é, pH rẹ̀ máa ń dé 9 tàbí 10, bẹ́ẹ̀ òkè awọ ara wa kan díẹ̀, nǹkan bí 5 ni tirẹ̀. Awọ tí ìpele òkè rẹ̀ ti lọ kò ní ohun tí yóò fi gba ìyàtọ̀ yẹn mọ́ra, á ta á, á sì gbẹ ẹ́. Kò sí baba ńlá wa kan tó fi glycolic acid ìdá 50 pa ojú kó tó fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, nítorí náà ìrírí wọn kò bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Òrí ní tirẹ̀ ṣeé fi pa ojú bí awọ bá ti dì tán, tó bá jẹ́ òrí tó mọ́, tí wọn kò fi lọ́fínńdà sí.

Àtakò tó le jù lọ ni ti oòrùn. Dúdú ni wá, oòrùn kì í jó wa, kí ni ìpara ìdènà oòrùn wà fún? Òótọ́ kan wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 1979 fi hàn pé òkè awọ dúdú ń dènà ìtànṣán tó ń jó ara ní ìlọ́po bíi 13, nígbà tí ti funfun jẹ́ nǹkan bí 3. Àbò gidi ni. Ṣùgbọ́n inú awọ òkè yẹn gan-an ni àbò náà wà, òun náà sì ni ásíìdì ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. FDA tún fi hàn pé glycolic acid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń mú kí oòrùn tètè pa awọ lára, àti pé ó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a bá dáwọ́ rẹ̀ dúró kó tó padà sípò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí oòrùn má jó wa kò túmọ̀ sí kó má mú wa dúdú sí i. Ìmọ́lẹ̀ lásán tí ojú ń rí pàápàá, láì jẹ́ ìtànṣán tó ń jó, ń ta mẹ́láníìnì jí lára aláwọ̀ dúdú. Ìbàdàn tí a wà yìí kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, bíi ìwọ̀n 7 sí àríwá rẹ̀, oòrùn sì máa ń dúró sí gbọ̀ngbọ̀n orí wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kùrukùru ọ̀sán kò sì dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ẹ̀yin tó ń tajà létí títì Òkè Bọ́lá ní Ìbàdàn níhìn-ín á wá sọ pé ẹni tí kò jáde lọ́sàn-án kò ní jẹun, àti pé ìpara ìdènà oòrùn wọ́n. Òótọ́ ni, n kò sì ní bá ẹni tí iná oúnjẹ rẹ̀ wà níta jiyàn. Láàrin ọjọ́ tí awọ kò tíì dì, ìpara náà kò tilẹ̀ yẹ ojú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń ta awọ tútù. Agboòrùn ńlá, fìlà elétí gbòòrò, ìborùn tí ẹ fà síwájú, àti àtẹ tí ẹ gbé síhà ibi tí òjìji ilé wà láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìwọ̀nyí ń ṣe ju ìpara tí a fi pa ojú bí àtíkè lọ. Ẹni tó ń dín àkàrà tàbí tó ń sun bọ̀lì, kó wá ẹni tí yóò bá a dúró nídìí iná fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ooru àti òógùn ń mú kí ojú túbọ̀ pọ́n. Nígbà tí awọ bá dì, bí owó bá wà, ìpara tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ sí lára, tó ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ nínú, ló bá wa mu jù, àwọ̀ náà ló ń dá ìmọ́lẹ̀ lásán tí mo sọ dúró.

Ó ku àtakò kan tí mo bọ̀wọ̀ fún. Àwọn tó ti kàwé á ní àwọn dókítà awọ pàápàá ń fi ásíìdì bó ojú aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ń fún wọn ní hydroquinone. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1999, Pearl Grimes, dókítà awọ ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lórí ènìyàn 25 tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, tó fi salicylic acid ìdá 20 àti 30 tọ́jú. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ṣe dáadáa, ìpalára díẹ̀ ló sì bá mẹ́rin. Ẹ wo ọ̀nà tó gbà ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ fi pèsè awọ sílẹ̀ pẹ̀lú hydroquinone tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tó kéré ló ṣíwájú èyí tó le. Ọ̀sẹ̀ méjì ló wà láàrin ọ̀kan sí èkejì. Ẹ̀rí tí wọ́n ń nà sí mi gan-an ló ń gbè mí lẹ́yìn: kì í ṣe ásíìdì ló yàtọ̀ lọ́wọ́ dókítà, ìdúró ló yàtọ̀. Oògùn kan náà tó ń tún ojú ṣe lára awọ tó ti dì, tí a mọ iye ọjọ́ rẹ̀, ló ń ba ojú jẹ́ lára egbò tútù.

Mo ti ń sọ pé kí ẹ fi ojú sílẹ̀. Kí n wá sọ ibi tí fífi í sílẹ̀ kò ti tọ́. Bí ásíìdì bá ta sínú ẹyin ojú, omi ni fún ogún ìṣẹ́jú, ilé ìwòsàn ló tẹ̀ lé e lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ibì kan bá funfun tàbí dúdú tó le, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tí kò dùn yín rárá, ó ti jó wọnú. Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta dípò kó máa rọlẹ̀, bí ọyún tàbí èèpá aláwọ̀ oyin bá yọ, bí ipéǹpéjú bá wú, bí ibà bá dé, tàbí bí ìléròrò kéékèèké bá ṣù jọ létí ẹnu, kí ẹ má dúró. Bákan náà ni ti ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, tó bá rí i pé ojú egbò ń yún òun tó sì ń ga lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti Òkè Bọ́lá, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ring Road kò jìnnà. Àwọn ni yóò sọ bó bá yẹ kí ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ awọ ní ilé ìwòsàn UCH. Ẹ mú ìgò ásíìdì náà dání, àti gbogbo túùbù tí ẹ ti fi pa á, kí ẹ má sì tijú láti ka gbogbo wọn fún dókítà, nítorí ìtọ́jú ẹni tó lo sitẹ́rọ́ìdì kì í ṣe ti ẹni tí kò lò ó.

Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ìgò, ẹ má fi ta aládùúgbò lọ́rẹ, ẹ má sì ṣe dà á sínú ike omi tàbí ìgò mínírà. Bí ẹ kò bá tíì rí ọ̀nà dà á nù, ẹ dé e pa, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà, kí ẹ gbé e ga síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.